Irú service wo ló yẹ ètò yín? Ìfiwéra àwọn Type inú systemd, àti bí runit, s6 àti dinit ṣe ń ṣe tiwọn

Ìlà kan wà nínú fáìlì service tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà náà ni `Type=`. Wọ́n á da fáìlì ẹlòmíì kọ, wọ́n á yí orúkọ ètò inú rẹ̀ padà, wọ́n á sì fi ìlà yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Bí ètò bá ti dìde, ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ìlà kékeré yìí ló ń jẹ́ kí systemd, ètò tó ń gbé àwọn ètò yòókù dìde lórí Linux tó sì ń ṣọ́ wọn, mọ ìgbà tó lè gbà pé service ti ṣe tán, ìgbà tó lè jẹ́ kí àwọn tó ń dúró dè é bẹ̀rẹ̀, àti process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) tó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ṣì ń lọ.

Lórí sáfà tí wọn kì í pa, Type tí kò tọ́ lè fara pamọ́ fún ọdún mélòó kan. Lórí sáfà tó wà ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, kò lè fara pamọ́ pẹ́. Iná á lọ lóru, bátìrì inverter á tán, kọ̀ǹpútà á kú lójijì. Iná á dé ní ìdájí, kọ̀ǹpútà á tan ara rẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí. Láàárín àkókò díẹ̀, dátábéèsì, ètò wẹ́ẹ̀bù, nginx àti àwọn tó kù gbọ́dọ̀ dìde tẹ̀ léra wọn bó ṣe yẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni `Type=` máa ń fi ara rẹ̀ hàn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń yàn án: ìgbà wo ni ètò yìí lè sọ pé òun ti ṣe tán kó sì jẹ́ òótọ́, ọ̀nà wo ló sì ń gbà sọ ọ́? Gbogbo Type tó wà nílẹ̀ jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Òótọ́ inú àwọn ìdáhùn náà kò dọ́gba, ibẹ̀ sì ni yíyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

systemd ni màá sọ jù, torí òun ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú sáfà tí à ń yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lennart Poettering àti Kay Sievers bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010, Fedora 15 gbà á ní 2011, Debian 8 àti Ubuntu 15.04 sì tẹ̀ lé e ní 2015. Lẹ́yìn rẹ̀ ni màá wo bí àwọn mìíràn ṣe dáhùn ìbéèrè kan náà.

simple àti exec

Bí ẹ kò bá kọ `Type=` rárá, tí `ExecStart=` sì wà nínú fáìlì, `simple` ni systemd máa mú, àyàfi bí ẹ bá kọ `BusName=` síbẹ̀. Pẹ̀lú `simple`, ní kété tí systemd bá ti fork process tuntun (ìyẹn ni pé ó da ara rẹ̀ kọ láti bí òmíràn), ó gbà pé service ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì bọ́ sí orúkọ aṣàmúlò tí ẹ yàn ní `User=`. Kò tíì wo dísíìkì bóyá fáìlì ètò náà wà. Kò tíì pe execve, àṣẹ tó ń fi ètò gan-an sínú process náà. Ó dà bí ẹni tí wọ́n pè lórí fóònù tó ní "mo ti wà lọ́nà" nígbà tó ṣì ń wá aṣọ tó máa wọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣi orúkọ fáìlì kọ, `systemctl start` á parí wọ́ọ́rọ́wọ́, bíi pé gbogbo nǹkan lọ déédéé. Ìgbà tí ẹ bá pe `systemctl status` lẹ máa tó rí `203/EXEC`, ìyẹn ni pé fáìlì náà kò ṣeé pè, tàbí `217/USER`, ìyẹn ni pé orúkọ aṣàmúlò tí ẹ kọ kò sí lórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà lè rí i tètè. Script tó ń gbé ẹ̀dà tuntun lọ sórí sáfà kò ní rí i. Á gbà pé iṣẹ́ ti yọrí, á sì bọ́ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

`exec` ló wá tún ibẹ̀ ṣe. Ó dé pẹ̀lú systemd 240 ní ìparí 2018. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí `simple` kò ju ẹyọ kan lọ: systemd á dúró títí execve á fi yọrí. Bí fáìlì kò bá sí, bí aṣàmúlò kò bá sí, `systemctl start` á sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ó kùnà.

Ẹ má ṣe retí ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ̀. `exec` kò mọ̀ bóyá ètò yín ti ka fáìlì ìṣètò rẹ̀, bóyá ó ti rí dátábéèsì, bóyá port 8000 ti ṣí. Bí ètò náà bá kú ní ìdá kan ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn execve, `systemctl start` ti padà dé pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀ nígbà yẹn.

Nínú méjèèjì, `exec` ni kí ẹ mú fún ètò tí ẹ kọ fúnra yín. N kò rí ìdí láti kọ `simple` sínú fáìlì tuntun lónìí, àfi bí sáfà náà bá ti gbó. CentOS 7 ń lo systemd 219, Ubuntu 18.04 ń lo 237, méjèèjì kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ `exec`.

forking

Láyé SysV init, tí wọ́n ń lò kí systemd tó dé, ètò tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ já ara rẹ̀ gbà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó pè é. Á fork, á pe setsid, á tún fork lẹ́ẹ̀kan sí i, á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fáìlì pid, process àkọ́kọ́ á sì jáde. `Type=forking` wà fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ fún systemd ni pé: dúró kí process àkọ́kọ́ jáde, ọmọ tó bá fi sílẹ̀ ni service gan-an. Ẹ óò kọ `PIDFile=` pẹ̀lú rẹ̀ kí systemd má bàa máa méfò ọmọ tó jẹ́ olórí.

Ìlànà náà lè sọ òótọ́ bí òbí kò bá jáde títí ọmọ á fi ṣe tán. nginx súnmọ́ ọn dáadáa. Ó máa ń ka fáìlì ìṣètò, ó sì máa ń ṣí àwọn port rẹ̀ kí òbí tó lọ, torí náà àṣìṣe inú ìṣètò á hàn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà máa ń kọ fáìlì pid lẹ́yìn tí òbí ti lè jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lo sáfà kékeré tó ní CPU kan ṣoṣo fi máa ń rí ìlà `Failed to parse PID from file /run/nginx.pid` nínú àkọsílẹ̀ wọn. systemd ti débẹ̀, ọmọ kò tíì kọ nǹkan kan. nginx á ṣì dìde, àmọ́ ẹ ti rí bí ìlànà náà ṣe rọrùn láti dà rú, kódà lọ́wọ́ ètò tí wọ́n kọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ètò kékeré burú ju èyí lọ: wọ́n á kọ́kọ́ fork, òbí á jáde, ìgbà náà ni ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá fáìlì ìṣètò rẹ̀.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ jù níbí, ìrísí wọn sì yàtọ̀ síra. Ó dáa kí ẹ mọ̀ wọ́n lójú.

Èkínní ni pé ètò ń ṣiṣẹ́ níwájú, kì í fork, ẹ sì kọ `forking` fún un. systemd á jókòó, á máa retí kí process àkọ́kọ́ jáde. Kò ní jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 90, systemd á kọ `start operation timed out. Terminating.`, á sì pa á. Ohun tó ń da ènìyàn láàmú nínú èyí ni pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90 yẹn ètò ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn oníbàárà ń rí ojú ìwé. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á kú. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé service òun máa ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ní gbogbo ìgbà, Type ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Èkejì ni ìdàkejì rẹ̀. Ètò ń fork, ẹ sì kọ `simple` tàbí `exec`. Process àkọ́kọ́ á jáde pẹ̀lú 0, systemd á gbà pé iṣẹ́ ti parí ní àlàáfíà, á sì pa gbogbo ọmọ tó kù nínú cgroup rẹ̀, ìyẹn àwùjọ process tí systemd kó jọ fún service náà. Ẹ óò rí `inactive (dead)`, láìsí àṣìṣe kankan tí ẹ lè dì mú.

Oògùn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà: ẹ wá àṣẹ tó ń jẹ́ kí ètò náà dúró níwájú. `cron -f`, `sshd -D`, `nginx -g 'daemon off;'`, `--daemonize no` fún Redis. Àwọn tó kọ systemd fúnra wọn ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn pé kí ènìyàn yẹra fún `forking`. Mo fara mọ́ wọn. Ètò àtijọ́ tí kò ní àṣẹ fún ìdúró níwájú nìkan ni mo lè fi í sílẹ̀ fún.

oneshot

Iṣẹ́ kan wà tí kì í dúró. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ìparí. Ẹ̀dà dátábéèsì tí à ń ṣe lóru pẹ̀lú `pg_dump` jẹ́ ọ̀kan, òfin firewall tí à ń kà wọlé nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn jẹ́ ọ̀kan, `fstrim` fún SSD jẹ́ ọ̀kan. Fún wọn ni `oneshot` wà. systemd á dúró títí iṣẹ́ á fi parí pátápátá kó tó jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ rẹ̀ pé, torí pé nínú irú iṣẹ́ yìí, "mo ti ṣe tán" àti "mo ti parí" kì í ṣe ohun méjì.

`oneshot` gba ju `ExecStart=` kan lọ, á máa ṣe wọn tẹ̀ léra. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ní gbèdéke àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àyàfi bí ẹ bá fi `TimeoutStartSec=` sí i, torí náà script tó bá há síbì kan lè há títí láé. Ẹ fún un ní gbèdéke.

Ọ̀rọ̀ tó gba àròjinlẹ̀ níbẹ̀ ni `RemainAfterExit=yes`. Bí ẹ bá kọ ọ́, service á máa jẹ́ `active (exited)` lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ìyẹn dára fún firewall: òfin ti wọlé, ó ṣì wà, `systemctl stop` sì lè pe àṣẹ tó máa kó o kúrò. Fún iṣẹ́ tí timer (aago systemd tó ń pe iṣẹ́ lákòókò) ń pè, kò dára rárá. Timer kì í tún unit (ohun tí systemd ń darí, bíi service) tó ti wà ní `active` bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà dátábéèsì yín á ṣẹlẹ̀ lóru àkọ́kọ́, kò sì ní ṣẹlẹ̀ mọ́ títí di ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún tàn. Kò sí ibi tí àṣìṣe máa hàn sí. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò ẹ̀dà náà lẹ máa tó mọ̀.

Àwọn tó ń lo Debian ti rí `active (exited)` yìí lára `postgresql.service`, ó sì máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Unit yẹn kì í ṣe dátábéèsì. `/bin/true` ló ń pè, `oneshot` ni, wọ́n ṣe é kó lè máa darí gbogbo cluster (àkójọ dátábéèsì tí PostgreSQL kan ń darí) lẹ́ẹ̀kan náà. Dátábéèsì gan-an wà lábẹ́ `postgresql@.service`, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà àti orúkọ cluster. Òun ni kí ẹ bi nípa ìlera rẹ̀.

notify

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí jù. Nínú `simple`, `exec` àti `forking`, systemd ló ń fi àmì kan láti ìta méfò pé ètò ti ṣe tán: ó ti fork, ó ti exec, òbí ti jáde. Pẹ̀lú `notify`, ètò fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. systemd á fi ọ̀nà socket kan (ibi tí process lè gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òmíràn) sínú `NOTIFY_SOCKET`, ètò á ṣe gbogbo ìmúrasílẹ̀ rẹ̀, á ṣí port, á wo dátábéèsì, lẹ́yìn náà á fi ọ̀rọ̀ `READY=1` ránṣẹ́. Àwọn tó kọ `After=` sí i kò ní bẹ̀rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yẹn á fi dé.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ iná tó lọ lójijì. PostgreSQL tí wọ́n pa láìjẹ́ kó palẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ ka WAL rẹ̀ (àkọsílẹ̀ àyípadà tó ń kọ kó tó fi wọ́n sínú dátà gan-an) kó tó lè gba ẹnikẹ́ni wọlé. Ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì lè pẹ́ gan-an bí iṣẹ́ bá pọ̀ kí iná tó lọ. Ní àkókò yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn á gbọ́ `the database system is starting up`. Ká ní ẹ fi `simple` gbé dátábéèsì náà dìde. systemd á jẹ́ kí ètò wẹ́ẹ̀bù bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ètò á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á lé e padà, á kú. `Restart=on-failure` á gbé e dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 0.1, torí iye tí `RestartSec=` ń lò nìyẹn bí ẹ kò bá yí i padà. Á tún kú. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, systemd á sọ pé `Start request repeated too quickly`, á sì fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dátábéèsì á wá ṣe tán, láìsí ẹni tó máa lò ó. Ojú ìwé á wà ní òkú títí ẹnì kan á fi dé ọ́fíìsì láàárọ̀.

Pẹ̀lú `notify`, dátábéèsì á sọ fúnra rẹ̀ ìgbà tó ti ṣe tán. PostgreSQL ti mọ èdè yìí láti ẹ̀dà 9.6, bí wọ́n bá kọ́ ọ pẹ̀lú `--with-systemd`. Àpẹẹrẹ tó wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà PostgreSQL fi `TimeoutSec=infinity` sí i, ìdí rẹ̀ sì ni ohun tí mo sọ yìí: gbèdéke ìṣẹ́jú àáyá 90 lè pa dátábéèsì tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́wọ́. Ẹ má ṣe gbàgbé ìlà yẹn bí ẹ bá ń kọ fáìlì tiyín.

Fún ètò wẹ́ẹ̀bù tó wà lẹ́yìn rẹ̀:

```
[Unit]
Requires=databeesi.service
After=databeesi.service

[Service]
Type=notify
ExecStart=/opt/oja/bin/gunicorn oja.wsgi
User=oja
Restart=on-failure
RestartSec=5
```

`After=` ló ń tò wọ́n tẹ̀ léra. `Requires=` nìkan kò ní jẹ́ kí ètò yìí dúró de dátábéèsì, méjèèjì á kàn bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Mo rí i kí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí máa da méjèèjì pọ̀.

Gunicorn, MariaDB, Docker àti Caddy ti mọ `notify`. Redis náà mọ̀ ọ́n, bí ẹ bá kọ `supervised systemd` sínú ìṣètò rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ tiyín, kò le rárá. Ní Python:

```
import os, socket

def so_fun_systemd(oro):
    ibi = os.environ.get("NOTIFY_SOCKET")
    if not ibi:
        return
    if ibi[0] == "@":
        ibi = "\0" + ibi[1:]
    with socket.socket(socket.AF_UNIX, socket.SOCK_DGRAM) as s:
        s.connect(ibi)
        s.sendall(oro.encode())

so_fun_systemd("READY=1")
```

Ẹ pe ìlà ìkẹyìn yẹn lẹ́yìn tí port bá ti ṣí, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò. Ẹni tó bá pè é ní ìlà àkọ́kọ́ ti sọ `notify` di `exec` tó gùn.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ láìlo libsystemd, àkójọ kóòdù tí systemd pèsè fún irú iṣẹ́ yìí, mo sì rọ̀ yín kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2024, Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ PostgreSQL, kéde pé wọ́n ti rọ́ kóòdù ọ̀tá sínú xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀, ní ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. sshd, ètò OpenSSH tó ń gba ènìyàn wọlé sórí sáfà láti òkèèrè, ni wọ́n fojú sùn. OpenSSH kì í lo xz. Ṣùgbọ́n Debian àti àwọn mìíràn ti lẹ libsystemd mọ́ sshd kó lè máa sọ `READY=1`, libsystemd sì ń fa liblzma, tó jẹ́ ara xz, wọlé. Nítorí gbólóhùn kékeré kan tí ìlà mẹ́wàá lè sọ, ilẹ̀kùn ṣí. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, OpenSSH 9.8 jáde pẹ̀lú ìfiránṣẹ́ tirẹ̀, láìsí libsystemd nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó bá `notify` mu dáadáa. Ẹ lè fi `WatchdogSec=30` sí i, kí ètò máa fi `WATCHDOG=1` ránṣẹ́ lóòrèkóòrè. Bí ó bá há, tí kò kú ṣùgbọ́n tí kò ṣe nǹkan kan, systemd á mọ̀, á sì pa á. Fún `Restart=`, ẹ kọ `on-failure`; ó gba ikú watchdog náà mọ́ra.

Ibi tí ó ti ń ṣòro ni script shell. `systemd-notify --ready` wà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ process mìíràn, ọ̀rọ̀ olórí process nìkan sì ni systemd ń gbà bí ẹ kò bá kọ `NotifyAccess=all`. Bí ẹ bá sì kọ `Type=notify` fún ètò tí kò mọ èdè náà, ìṣẹ́jú àáyá 90 tẹ́lẹ̀ yẹn ló ń dúró dè yín.

`notify-reload` jẹ́ àbúrò rẹ̀, ó dé pẹ̀lú systemd 253 ní 2023. Bí ẹ bá pe `systemctl reload`, á fi SIGHUP ránṣẹ́, á sì dúró kí ètò sọ `RELOADING=1` àti lẹ́yìn náà `READY=1` kó tó gbà pé ìṣètò tuntun ti wọlé. Ẹ lò ó bí ètò yín bá ń ka ìṣètò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láìkú.

dbus àti idle

`dbus` bá `notify` mu nínú òótọ́: service ti ṣe tán nígbà tó bá gba orúkọ rẹ̀ lórí D-Bus, ọ̀nà tí àwọn ètò orí Linux fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. NetworkManager àti bluetooth ń lò ó. Bí ètò yín kò bá ní nǹkan ṣe lórí D-Bus, ẹ fò ó.

`idle` kì í ṣe fún ìtòtẹ̀léra. Ó kàn ń dúró díẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, kí ọ̀rọ̀ tí à ń tẹ̀ sójú console má bàa dà pọ̀ mọ́ ìbéèrè login. getty, ètò tó ń gbé ìbéèrè login jáde, ló wà fún.

Bí kì í bá ṣe systemd lẹ ń lò

Void Linux ń lo runit tí Gerrit Pape kọ, Chimera Linux ń lo dinit tí Davin McCall kọ, Laurent Bercot ló sì kọ s6 àti s6-rc. Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn (target ni orúkọ tí systemd fi ń kó ọ̀pọ̀ unit jọ):

| systemd | s6-rc | dinit | runit |
|---|---|---|---|
| simple, exec | longrun | process | fáìlì `run` |
| notify | longrun pẹ̀lú `notification-fd` | process pẹ̀lú `ready-notification` | fáìlì `check`, ó súnmọ́ ọn |
| forking | kò sí | bgprocess | kò sí |
| oneshot | oneshot | scripted | ìpele 1 |
| target | bundle | internal | kò sí |

Mo fẹ́ràn bí s6 ṣe ṣe ti `notify`. Ẹ óò kọ nọ́ńbà kan, bíi 3, sínú fáìlì `notification-fd`. Bí ètò bá ti ṣe tán, á kọ ìlà òfìfo kan sórí file descriptor (ojú ọ̀nà ìkọ̀wé) tó ní nọ́ńbà náà, ó parí. Kò sí socket, kò sí orúkọ, kò sí ohun tí ènìyàn máa lẹ̀ mọ́ ètò rẹ̀. dinit ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú `pipefd:`. Kódà ètò tó bá mọ ti s6 lè bá dinit ṣiṣẹ́ láìyí ìlà kan padà.

s6 àti runit kò gba ètò tó ń fork rárá, ìdúró níwájú ni òfin wọn. dinit rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀: `bgprocess` wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ `pid-file` fún un. Ó tún ní `triggered`, tó ń dúró kí ẹnì kan láti ìta fi `dinitctl trigger` sọ fún un pé ohun tó ń retí ti ṣẹlẹ̀.

runit ló rọrùn jù láti kọ́, òun náà ló sì lágbára tó kéré jù nínú ìtòtẹ̀léra. Kò mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹni. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni kí fáìlì `run` ètò wẹ́ẹ̀bù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sv check` sí dátábéèsì, kó jáde bí kò bá tíì ṣe tán. Runsv á tún gbìyànjú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò ní gbèdéke ìgbà márùn-ún bíi ti systemd, torí náà ètò tó ń dúró de dátábéèsì tó ń tún ara rẹ̀ ṣe kò ní di ẹni ìgbàgbé. Fún sáfà tó ní service mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìyẹn tó.

Èwo wá ni kí ẹ mú?

Bí ètò bá jẹ́ tiyín, tí kò sí service mìíràn lórí kọ̀ǹpútà náà tó ń dúró dè é, `exec` ti tó. Bot Telegram, ètò tó ń kó iṣẹ́ láti inú queue, gbogbo wọn wà níbí.

Bí ẹnì kan bá ń dúró dè é, `notify`. Bí ètò náà kò bá mọ `notify`, tí ẹ kò sì lè yí kóòdù rẹ̀ padà, ẹ wò ó bóyá ó gba socket activation: systemd fúnra rẹ̀ á ṣí port, àwọn tó bá tètè dé á tò sórí ìlà títí ètò á fi dìde. Bí èyí náà kò bá ṣeé ṣe, `exec` pẹ̀lú `ExecStartPost=` tó ń kan ilẹ̀kùn títí wọ́n á fi dáhùn ṣì sàn ju `sleep 10` lọ. `sleep` kò mọ nǹkan kan nípa ètò yín.

Bí dátábéèsì bá wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ má ṣe da ara yín láàmú pẹ̀lú Type. `After=` kò rékọjá kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Ètò gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ sì fi `RestartSec=5` ràn án lọ́wọ́. Pẹ̀lú ìyẹn, kò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 láé, systemd kò sì ní fi í sílẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń parí, `oneshot`, kí ẹ sì pinnu `RemainAfterExit=` gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́ timer tàbí ìtanná kọ̀ǹpútà ló ń pè é.

Láti mọ ohun tó wà nílẹ̀ báyìí, ẹ pe `systemctl show -p Type -p NotifyAccess nginx`, kí ẹ fi orúkọ tiyín rọ́pò nginx. Láti yí i padà láìfọwọ́ kan fáìlì tó bá package wá, `systemctl edit` ni, kí ìmúdójúìwọ̀n má bàa nu iṣẹ́ yín nù. `systemd-analyze verify` á ka fáìlì yín kó tó di pé ẹ lò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò bí iná ṣe ń lọ gan-an. `systemctl reboot` máa ń jẹ́ kí dátábéèsì palẹ̀ mọ́ kó tó kú, torí náà kò ní fi ohun tí ẹ ń wá hàn yín. Lórí kọ̀ǹpútà ìdánwò tí kò ní dátà ẹnikẹ́ni lórí, ẹ bọ́ sí root, kí ẹ kọ `echo b > /proc/sysrq-trigger`. Á kú lójú ẹsẹ̀, láìdágbére fún dísíìkì. Bó bá ti dìde padà, `journalctl -b -o short-precise` á tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún yín: ìgbà tí PostgreSQL bẹ̀rẹ̀ sí í ka WAL, ìgbà tó parí, àti ìgbà tí ètò wẹ́ẹ̀bù kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ìgbà kẹta bá ṣáájú èkejì, Type dátábéèsì àti `After=` inú fáìlì ètò wẹ́ẹ̀bù ni kí ẹ padà sí.